Àwọn Tí Mo Ń Kí Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Òkè ilé kan ní Ketu ni kafé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà, àtẹ̀gùn onírin la máa ń gbà dé ibẹ̀. Wọ́n gbà mí kí n máa gbálẹ̀, kí n máa tan jẹnẹrétọ̀, kí n sì máa ta káàdì fún àwọn tó fẹ́ lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó gbà mí pé kí n wá ṣe wẹ́bùsáìtì. JSS 2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí oníbàárà bá bi mí ní nǹkan, ilẹ̀ ni mo máa ń wò dá a lóhùn.

Wíwò ni mo wo iṣẹ́ náà mọ̀. Ọ̀gá mi, ọ̀dọ́kùnrin kan tó kàwé jáde, ló máa ń ṣe wẹ́bùsáìtì fún àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó tẹ nǹkan kan, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ojú ewé kan sì jáde, lẹ́tà wérewère, bí ìgbà tí èèyàn bá yí aṣọ sódì tó ń wo ojú ìrán rẹ̀. Mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ díẹ̀ rí, nítorí náà ó yé mi. Láti ọjọ́ náà, bí kafé bá ti dá, màá ṣí ojú ewé ẹlòmíràn, màá yí i sódì, màá dà á kọ, màá máa pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi ká mi mọ́ ọn, kò bínú. Ó ní, "Ah-ah, ìwọ náà ti di ẹnjiníà!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní iṣẹ́ kéékèèké.

Àwọn oníbàárà wa nígbà náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí mi ò tilẹ̀ jẹ́ rín in síta. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí nǹkan máa yí. Kí lẹ́tà máa sáré kọjá, kí orin máa dún fúnra rẹ̀, kí iná máa jó lábẹ́ orúkọ wọn. Pásítọ̀ kan ní kí àdàbà máa fò lórí ojú ewé ìjọ òun. Nígbà tí a ṣe é tán, ó ní àdàbà yẹn ń yára jù, ó dà bí àdàbà tó jalè. Bàbá kan tó ń wa yanrìn ní ká bá òun di wẹ́bùsáìtì òun sínú páálí, òun fẹ́ gbé e lọ sílé kí ìyàwó òun rí i. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa kì í yá, fọ́tò máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti orí wá sísàlẹ̀ ni. Ìyá kan jókòó ti fọ́tò ara rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti dé ọrùn mi o. Ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ dá mi dúró sí ni?"

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo rí gbà, ọ̀dọ̀ Àlàájà kan ló ti wá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ wẹ́bùsáìtì, kí àwọn tó ń wá rajà láti ọ̀nà jíjìn lè máa mọ ohun tó wà nílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kan tí bírò máa ń kún àpò àyà rẹ̀, fẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ yunifásítì kan tó mọ̀. Àlàájà ní rárá. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì máa ń kà á fún un.

"Ọmọ yìí mọ èèyàn kí," ó wí níwájú mi. "Orí sìmẹ́ǹtì yìí ló ti ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹni tó mọ èèyàn kí, ẹ jẹ́ kó bá wa gba àlejò." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, mo ti fi ẹnu mi dúró fún ẹ o. Má dójú tì mí."

Ọ̀gá mi náà ní bí inú ẹgbẹ́ bá ti dùn sí i, òun á wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbálẹ̀, èmi á sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bí àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo gbé e jí.

Mo ṣe ojú ewé náà. Mo kùn ún ní pupa nítorí tòmátì, mo to fọ́tò apẹ̀rẹ̀ rodo àti tàtàṣé sí i, mo jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ máa sáré kọjá lókè. Nísàlẹ̀, mo ṣe ibì kan tí àlejò ti lè kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀, bí wẹ́bùsáìtì ṣe sábà máa ń ní nígbà náà.

Kò pẹ́ tí àlejò fi dé. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ojú ewé yìí dára gan-an, òun gbádùn rẹ̀, kí àwa náà wá wo ti òun. Orúkọ òyìnbó ló ní. Mo kà á, mo tún un kà. Òyìnbó kan jókòó síbì kan, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ní ó dára. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi.

Agboyi ni mo ń gbé, ọkọ̀ ojú omi la sì fi ń rékọjá. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí omi níbẹ̀, o ò ní mọ ẹni tó wà nínú ìkejì kí o tó kí i, òun náà á sì dá ẹ lóhùn. Ẹni tí wọ́n bá kí tí kò dáhùn, wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ délé ìyá rẹ̀. Nítorí náà, mo dá òyìnbó náà lóhùn. Mo fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kọ ọ́ pé ẹ ṣeun sà, inú wa dùn pé ẹ wá, ẹ bá wa kí màdáámù àti àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dé lóríṣiríṣi. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá àlejò tuntun níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnì kan lọ láìgba èsì. Gẹ̀ẹ́sì àwọn mìíràn gùn, mo máa ń fo èyí tí kò bá yé mi. Mo rí i pé orúkọ oògùn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo gbà pé dókítà ni wọ́n, mo sì ń kí wọn kú iṣẹ́ ìlera. Mo sọ fún Àlàájà pé àwọn òyìnbó ń kí wọn. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ròyìn rẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n wá wo iṣẹ́ náà, lẹ́yìn ìrun. Àlàájà wá, akọ̀wé wá, àwọn bàbá àti ìyá mélòó kan nínú ẹgbẹ́ náà sì tẹ̀ lé wọn. A to àga yí kọ̀ǹpútà kan ká. Wọ́n wo tòmátì, wọ́n wo ata, bàbá kan ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀ tó ní tòun ni. Ara tù mí. Àlàájà wá ní, "Fi ibi tí àwọn òyìnbó ti ń kí wa hàn wọ́n."

Mo ṣí i. Akọ̀wé gbé gíláàsì sójú, ó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Àlàájà, ṣé kí n túmọ̀ rẹ̀?"

"Kí lẹ tún ń dúró ṣe? Ẹ túmọ̀ rẹ̀ jàre."

"Ẹni yìí ní òun ń ta oògùn tó máa ń jẹ́ kí ọkùnrin lè ṣe ojúṣe rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀."

Akọ̀wé sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Aunty wa wá dá a lóhùn. Ó ní, ẹ ṣeun sà, ẹ kú iṣẹ́ ìlera, ẹ bá wa kí màdáámù."

Ẹ̀rín bú jáde. Bàbá tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ náà ní, "Kí ni wọ́n tún ń kí màdáámù sí? Bí oògùn yẹn bá ti ń jẹ́, ara màdáámù le!" Ìyá kan fi ìborùn bo ẹnu.

"Ó tún ní ká wá wo ọ̀dọ̀ òun," akọ̀wé wí. "Tẹ ibẹ̀, ká wò ó."

Àgbàlagbà ló ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Obìnrin oníhòòhò ló yọ sí wa. Mo sáré pa á dé, méjì yọ. Mo pa ìyẹn náà dé, wọ́n tún yọ, wọ́n ń lé ara wọn jáde bí ẹni pé ẹnì kan ń tì wọ́n bọ̀. "Aúsùbílà!" bàbá kan pariwo, ó kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ló sáré wá fa wáyà yọ lára ògiri.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ní kì í ṣe èèyàn ló kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní àwọn kan ti ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ láti wẹ́bùsáìtì dé wẹ́bùsáìtì, tó ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀, kí èèyàn lè wá ra ọjà wọn. Ẹ̀rọ náà kò rí tòmátì, kò rí ata.

"Ẹ̀rọ ni?" Àlàájà béèrè.

"Ẹ̀rọ ni, Mà."

"Gbogbo wọn?"

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Ẹ̀rọ wo ló wá níyàwó tí o ní kó bá ẹ kí?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Ó ní, "Mo sì ti sọ fún gbogbo ọjà." Kò pariwo rárá. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí ọ̀gá mi tún kọ̀ǹpútà náà tàn, kó wò ó bóyá èèyàn kan wà nínú wọn. Ó pẹ́ kó tó tàn. Gbogbo wa jókòó, a ń gbọ́ ariwo fáànù. Ọ̀gá mi wá ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ. Èyí náà, ẹ̀rọ." Mo ti mọ ibi tí yóò ti dúró. Mo ń gbàdúrà kí iná lọ.

Ó dúró. "Èèyàn rèé," ó wí, ó sì kà á síta:

"E kaaro o. Mo ri oruko oja wa nibi. Se mama to n ta rodo leba geeti si wa? Awon ti won maa n fun awa omo ileewe ni ata die lofee ti a ba ki won. Ilu oyinbo ni mo wa bayii. E ba mi ki won."

Kò sí èsì kankan lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o rí èyí?" Àlàájà bi mí.

"Mo rí i, Mà."

"Kí ló dé tí o ò dá a lóhùn?"

Mo rí i lọ́jọ́ tó dé. Kò yin ojú ewé mi, kò sì jẹ́ òyìnbó. Mo wò ó bí ará ilé tó ya wá nígbà tí àlejò pàtàkì wà ní pálọ̀. Láti dá a lóhùn, mo ní láti lọ sí Mile 12, kí n dúró lẹ́bàá géètì láàárín àwọn alábàárù àti mọ́tò tó ń já ẹrù, kí n máa béèrè ìyá kan tí mi ò mọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀. Ojú tì mí. Mo ní màá lọ lọ́la. Ọ̀la náà, mo dá dókítà kan lóhùn.

Àlàájà kò dúró de èsì mi. "Mo mọ ìyá yẹn," ó wí. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, wọn ò wá sọ́jà mọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Kọ ọ́ pé wọ́n wà láyé, Ikorodu ni wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Kọ ọ́ pé a ó jíṣẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ pé kó má bínú, pé a pẹ́ ká tó dáhùn."

Mo kọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ìka kan, ìka kan, omi ojú ń kán sórí bọ́tìnnì.

Nígbà tí wọ́n ń dìde, akọ̀wé ní, "Àlàájà, ṣé kí n bá ọmọ yunifásítì yẹn sọ̀rọ̀?"

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀," ó wí.

Mo kúnlẹ̀ pé ó dàbọ̀. Ó dá mi lóhùn, torí bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kò pè mí ní ọmọ mi.

Mo ń gbálẹ̀ lọ ní kafé náà. Ọmọ yunifásítì náà ṣe ojú ewé tó dára ju tèmi lọ, nǹkan kan kò sáré, nǹkan kan kò yí. Kò fi ibi ìkíni sí i rárá. Èsì tí a kọ sí ẹni òkè òkun yẹn bá ojú ewé mi lọ. Kò kọ àdírẹ́sì sílẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó padà wá kà á. Ká ní mo dá a lóhùn lọ́jọ́ tó kọ ọ́, ìbá ti rí i. Títí dòní, bí mo bá ṣe ojú ewé tán fún ẹnì kan, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wá wo iṣẹ́ náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé, mo fi ìborùn bo orí, mo tẹjú mọ́ omi. Ọkọ̀ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, obìnrin kan nínú rẹ̀ sì pariwo, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Mi ò dáhùn.

Ẹni tó ń tukọ̀ wa fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, èèyàn ń kí ẹ o."

Ọkọ̀ náà ti ń jìnnà lọ. Mo yíjú sẹ́yìn, mo sì dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì, ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láti kékeré pé a ò gbọ́dọ̀ ṣe.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà!" mo pariwo. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"