Ọmọ Kíláàsì Wa Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí Rí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìfọ̀, láyé ìjọba ológun, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú rí rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ó wà ní kíláàsì wa. Ó ní ìjókòó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tíṣà ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, bí ìdánwò bá sì parí, òun ló máa ń ṣe ipò kìíní.

Ilé-ìwé aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ìjọ. Bàbá kan tó rí jájẹ ló dá a sílẹ̀ nítòsí ọjà, àwọn òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ òyìnbó dáadáa ló ń kó wọn wá síbẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe rí tèmi san. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó kò sanwó ní tirẹ̀. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa, òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì ilé-ìwé náà kó tó ṣaláìsí. Bàbá onílé-ìwé ló bá wọn sin òkú, ó sì ní kí ọmọ náà máa wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Orí ọmọ náà pé ju ti gbogbo wa lọ. Èmi á ṣì máa fi ìka ka ìṣirò, òun á ti parí tirẹ̀, á máa wo ẹyẹ níta.

Láàárọ̀, bí tíṣà bá pe orúkọ rẹ, wàá dáhùn pé o wà níbẹ̀. Bó bá wá kan orúkọ ọmọ yẹn (n kò ní pè é fún yín, ilẹ̀ ti ń ṣú), tíṣà á pè é, á tẹjú mọ́ ìjókòó tó ṣófo, á sì mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìdáhùn. Orí wa á wú. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo bẹ́ǹṣì, tirẹ̀ nìkan ló máa ń mọ́. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gba ìsinmi, tíṣà á ka ipò sókè, á dárúkọ rẹ̀ ṣáájú, á ní ká pàtẹ́wọ́. A ó kọjú sí àyè tó ṣófo, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń ṣe ipò kejì, ọwọ́ tirẹ̀ ló sì máa ń dún jù.

Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lọmọ yẹn wà? A kì í rí i."

Tíṣà pa ìwé orúkọ dé. Ó ní, "Ìwọ kò rí i. Ṣé ó ní òun kò rí ọ ni?"

Kò sẹ́ni tó tún béèrè láti ọjọ́ náà.

A gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Àwọn ìyá wa ní iwin ni, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀run tó wá bá wa kàwé, pé bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò mú ọ̀kan nínú wa lọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tí ikú ti mú ọkọ rẹ̀ lọ kò fẹ́ rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá ń po àádùn, ó ń gé ìrèké, ó ń fi ẹ̀pà sí i, a ó sì gbé e sórí ìjókòó náà lọ́jọ́ Ẹtì ká tó lọlé. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi epo tó ta sára pákó. Lónìí mo rò pé ọlọ́dẹ ilé-ìwé mọ̀ nípa rẹ̀, torí ó sanra gan-an lásìkò náà. Nígbà yẹn, ẹ̀rù gidi ló ń bà wá.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé ọmọ tó bá ti wọ ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ti là. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lágbègbè wa, wọn a sì máa bọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn olówó Èkó má baà gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti pẹ́ ní ilé-ìwé tó ti wá. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kò ronú nǹkan mìíràn mọ́. Ó ní bí ọmọ òun bá lè wọlé, ojú á ti ikú.

Àwa mẹ́ta ni bàbá onílé-ìwé fa kalẹ̀ láti lọ fara hàn níbẹ̀: ọ̀rẹ́ mi, èmi, àti orúkọ yẹn. Tíṣà fi ọkọ̀ ojú irin kó àwa méjì lọ. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, ó ní ká jókòó, ká fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wa. A fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń sún mọ́ ògiri kí aṣọ rẹ̀ má baà kan àyè náà.

Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó wá jókòó síbẹ̀. Ó mọ́ra, ó ń ta sánsán. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ ará ọ̀run kì í kan ilẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ wò. Bàtà funfun ló wọ̀, kò sí eruku kankan lára rẹ̀, tiwa sì pupa dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò jù ú lọ.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí àádùn tí màmá mi ń ṣe fún yín?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni wo ògiri. "Àádùn wo?" ló wí, ó sì gbójú kúrò.

Orúkọ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun ló sì dìde wọlé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ló jáde, obìnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe ojúsàájú. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní kò lè ṣe ìṣirò tó rọrùn. Ó wo tíṣà wa, tíṣà ń wo ilẹ̀. Ló bá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, má bẹ̀rù. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kíláàsì kan náà lẹ jọ wà láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ní láyé wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Kó ṣáà ti ní rárá.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Gbogbo wa la máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Ìwé ilé-ìwé wa ní òun ló ń ṣe ipò kìíní, ọ̀rẹ́ mi sì ti jẹ́rìí sí i, ọmọ oníbàtà funfun yẹn ni wọ́n mú.

Nígbà tí a padà sí Ìfọ̀, tíṣà kò pe orúkọ náà mọ́, eruku sì bo ìjókòó náà bíi ti àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ mi lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Owódé. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bínú, ọpẹ́ ló ń dá. Ó ní iwin náà mú kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún òun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà tí mo di tíṣà, tí ọkùnrin kan láti Èkó wá bá mi pé kí n bá òun fi orúkọ ọmọ òun sí kíláàsì mi, pé ọmọ náà kò ní máa wá. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo rántí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo lé e jáde, mo wá jókòó, mo sunkún.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Mówè, orí fóònù ló ti rí i pé wọ́n gba òun sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì lẹ orúkọ gbogbo àwọn tó wọlé mọ́ ara ògiri. N kò sọ pé màgòmágó ti tán o. Àmọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí lẹ́nu. Bí nǹkan kò bá yé wọn, wọn á béèrè, bí o bá sì halẹ̀ mọ́ wọn, wọn á tún un béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹnu mi kò gbà á mọ́ láti bá wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbafò ni ọ̀rẹ́ mi ń gbé báyìí. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, pé ènìyàn ni, kì í ṣe iwin. Ó ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá onílé-ìwé yẹn ló sin bàbá mi. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló gbà á lọ́wọ́ mi, ta ni n ó wá máa bínú sí ní ọjọ́ ogbó yìí? Jẹ́ kó jẹ́ iwin."

Mo ní ó dáa, iwin ni.