Ààwẹ̀ Ọdún Tí Orí Ń Fọ́ Gbogbo Wa

Mo ṣì kéré nígbà náà, n kò tíì lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan tán láì jí omi mu, nígbà tí àwọn òbí mi kó wa lọ sí ilé àtijọ́ kan ní Pickering, lẹ́bàá Toronto. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níbí á rántí pé àárín òtútù ni oṣù ààwẹ̀ máa ń bọ́ sí láyé ìgbà yẹn. Oòrùn kì í pẹ́ wọ̀. A kì í tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé tán tí òórùn àkàrà á ti gba gbogbo ilé, tí a ó sì jókòó ti àwo dàbínù, tí a ń retí kí bàbá mi ní àsìkò ti tó.

Ohun tí èmi àti Kàmórù àbúrò mi fẹ́ràn jù nínú ilé náà ni ihò ooru. Fọ́nẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, wà nísàlẹ̀ ní béésímẹ́ǹtì. Á máa fẹ́ ooru gba inú páìpù wá sí ihò tó wà nílẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, a óò dúró lé ihò yìí nínú aṣọ ìsùn wa, ooru á wọ abẹ́ aṣọ, aṣọ á wú bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí. Ìjà ta ló kàn kì í tán. Màmá mi á ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀, kí a nawọ́ sókè, ẹ̀bá ihò ooru náà la sì máa ń lọ kúnlẹ̀ sí.

Ọdún yẹn ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wá láti Ìbàdàn. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn padà láti pápákọ̀ òfurufú. Bàbá mi tẹ́ ibùsùn fún wọn ní béésímẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nẹ́ẹ̀sì, nítorí ibẹ̀ ló móoru jù. Ó tún ra ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi bo gbogbo fèrèsé, ó lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri kí atẹ́gùn kankan má baà wọlé. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, o wé wa bí ẹ̀kọ.”

Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sára gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi àti Kàmórù ń fi ìka ya ẹja àti mọ́tò síbẹ̀. A rò pé ilé ń làágùn ni.

Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa. Bàbá mi ní ààwẹ̀ ni. Màmá mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ní ààwẹ̀ àti àìsùn ni. Ìyá Àgbà ní ebi kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n sì fi kún ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu ní sààrì. Kò sẹ́ni tó wá ìdí mìíràn kiri, nítorí ìdí ti wà nílẹ̀.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Màmá mi ń din àkàrà, mo ń bá a to àwo. Kàmórù, tí kò tíì ju ọmọ jẹ́léósinmi lọ, nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣíìnì. Màmá mi na àkàrà kan sí i, Kàmórù yí ojú kúrò, ó ní, “Mummy, my head hurts.”

Ọwọ́ màmá mi dúró. Ó ní, “Kàmórù, ṣebí ìwọ kì í gba ààwẹ̀?”

Ó pa sítóòfù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ìyá Àgbà, mo tẹ̀ lé e. Orí ibùsùn la bá wọn, ojú wọn wúwo.

“Ìyá, ṣé orí ń fọ́ ẹ̀yin náà?”

“Láti àárọ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi mọ́.”

“Nígbà tí a lọ mọ́ṣáláṣí lánàá ńkọ́?”

Ìyá Àgbà rò ó díẹ̀. “Ara mi dá ṣáká níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ni.”

Màmá mi kò bi wọ́n léèrè mọ́. Ó pe bàbá mi, ó ní kí gbogbo wa jáde nílé lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi ní ìṣínu ti kù díẹ̀, kí a ní sùúrù. Màmá mi fi orúkọ mi pè é, ó ní, “Bàbá Ràfíátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Ìyá.” Bóyá ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ni bàbá mi gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbé wọn jáde sínú yìnyín. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí àgbàlagbà tó pọn ìyá rẹ̀.

Aládùúgbò wa, ìyá arúgbó ará Jàmáíkà kan, kó wa wọlé. Omi rẹ̀ àti bísíkíìtì rẹ̀ la fi ṣínu. Àwọn panápaná tí a pè mú ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò wọ ilé wa, wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde. Wọ́n ní èéfín gáàsì ti kún inú ilé, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, àti pé ìsàlẹ̀ ló ti pọ̀ jù. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn ní atẹ́gùn tó mọ́.

Bíríkì ló wó sínú ṣímínì, ihò tí èéfín fọ́nẹ́ẹ̀sì ń gbà jáde. Èéfín tó yẹ kó gba orí òrùlé jáde ń padà sínú ilé, kò sì sí ihò kankan tó lè gbà jáde. Bàbá mi jókòó ti ibùsùn ọsibítù, ó ní, “Ìyá, èmi ni mo gbé yín síbẹ̀.”

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kàn án lórí. “Ibi tó móoru jù lo fi mí sí. Kò sí ohun tí mo ní láti dárí jì ọ́.”

Ẹni tó wá tún un ṣe sọ pé ọ̀nà méjì ló wà. A lè tún ṣímínì náà ṣe láti inú, tàbí kí a ra fọ́nẹ́ẹ̀sì tuntun tó ní páìpù oníke méjì tí yóò gba ara ògiri, tí ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, tí èkejì ń tú èéfín dànù. Ọ̀nà kejì yìí ni bàbá mi mú, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ wa láti máa kó yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù náà. Fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀rá fèrèsé kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà kò sun ìsàlẹ̀ mọ́. Orí ibùsùn mi ni wọ́n wá, pẹ̀lú òórùn róòbù àti àdí àgbọn wọn, títí wọ́n fi padà sí Ìbàdàn.

Lónìí, ilé tuntun ni mo ń gbé ní Whitby. Ẹ̀rọ kan wà tó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé tọ̀sán tòru, òmíràn sì wà ní àjà kọ̀ọ̀kan tó máa pariwo bí èéfín gáàsì bá yọjú. Láyé ìgbà náà, orí fífọ́ ọmọdé ló kìlọ̀ fún wa. Àwọn ọmọ tèmi kò mọ irú rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́.

Ààwẹ̀ tún ti yí padà sí ìgbà òtútù. Nígbà tí bàbá mi wá bá wa ṣínu lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò kọ́kọ́ wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora orúnkún, ó ń fi ìbọ̀wọ́ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù fọ́nẹ́ẹ̀sì wa. Ọmọbìnrin mi sáré bá a, ó ní, “Grandpa, we already did it.”

Bàbá mi ní, “Mo rí i, ọmọ mi. Ẹ ṣé.” Ó sì ń gbá a lọ.