Díìsìkì Kékeré Tí Kò Ní Èkejì

Ẹgbẹ̀sán náírà ni mo ra búrẹ́dì láàárọ̀ àná. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ la fi ń jẹun ọ̀sán, ẹran á sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ni mo ń rò bí mo ti di búrẹ́dì náà mú. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, owó yẹn ìbá ra díìsìkì kékeré àlòkù kan fún mi, n kò sì rà á.

Nígbà náà, mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé wa ní Tunga Low Cost, ní Minna, tí mo sọ di àká. Inú rẹ̀ la ń kó fọ́tò àti ohùn gbogbo ilé sí. Díìsìkì ńlá méjì ló ń tọ́jú ẹrù. Kékeré kan ló ń jí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tí a bá tàn án. Mo lẹ bébà mọ́ àwọn ńlá, mo kọ Táyé sára ọ̀kan, Kẹ́hìndé sára èkejì. Kẹ́hìndé ni àgbà, nítorí náà òun ni gbogbo nǹkan tuntun kọ́kọ́ ń wọ̀; lópin oṣù, màá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú Táyé. Kékeré náà, Ìdòwú, kò ní èkejì. Mo rò pé bí ẹrù bá ti ní ẹ̀dà, ó parí.

Lọ́dún tí ìyàwó mi ṣàìsàn, ó ní kí n gba ohùn òun sílẹ̀. Minna la bí àwọn ọmọ wa sí, Haúsá yá lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun, bí bàbá rẹ̀ ṣe bá iṣẹ́ rélùwéè dé ìlú yìí, ẹni tó gbà wọ́n sílé, ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Kẹ́hìndé. Mo ń gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù, mo ń gbé e bọ̀. N kò rántí Táyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo tan kọ̀ǹpútà, kò jí. Mo gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dutsen Kura, ọmọ Haúsá tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́ mi, ó kí mi bí Haúsá ti ń kí àgbà.

"Ranka ya daɗe, Gambo yín ti kú o." Gambo ni Haúsá ń pe ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì. "Nǹkan kan ò ṣe àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n n kò rí irú kékeré yìí ní gbogbo Minna. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀kan nínú ìbejì rẹ́, kí n fi jí kọ̀ǹpútà. Èwo ni kí n pa rẹ́?"

"Àbúrò," ni mo wí. "Má fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n."

"To, ó dáa. Ẹ̀gbọ́n dúró, àbúrò lọ."

N kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Fáìlì ni mo ń tò.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ti jí. Ẹrù Táyé nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ ní kí n pa àbúrò rẹ́."

"Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. "Haba! Ẹni tó kẹ́yìn dé ló tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Nílé tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ jáde lẹ̀gbọ́n." Nígbà tó rí ojú mi, ó jókòó. "Kí ló wà nínú rẹ̀, Baba?"

Mo sọ fún un. Mo ní kò burú. N kò sunkún níbi ìsìnkú pàápàá.

Ó fi ọjọ́ mẹ́rin wá a. Ìwọ̀nba tó rí kò gùn ju èémí méjì lọ: ìyàwó mi húkọ́, ó ní, "Ṣé ó ti ń gbà á?" Ọmọbìnrin mi gbọ́ ọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Baba, a yi haƙuri." Haúsá ló fi tù mí nínú, pé kí n ní sùúrù.

Lẹ́yìn náà, mo ra díìsìkì kékeré méjì. Ọ̀rẹ́ mi tò wọ́n kí ohun tó bá wà nínú ọ̀kan lè wà nínú èkejì. Ọ̀kan kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Kọ̀ǹpútà ń jí lọ ní tirẹ̀, a kò tilẹ̀ mọ̀ títí ọ̀rẹ́ mi fi wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì wà ní Dutsen Kura, ojú ti ń dùn ún. Ọmọbìnrin mi wà ní Nassarawa, òun àti ọmọ mẹ́ta. Èmi náà wà. Bàbá ìyàwó mi ti lọ tipẹ́. Àwọn tó gbà wọ́n sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti lọ, n kò sì rántí orúkọ wọn.