Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí Àfáà Àbdùlsàmàd Fi Sílẹ̀ Kí Ó Sinmi

Bí ènìyàn bá béèrè Àfáà Àbdùlsàmàd Sàlàkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń tajà ní Odò-Orí, ní Ìwó, ní ọdún 1997, wọn yóò ní agbéraga ni. Wọn yóò ní bí a bá kí i, orí ló fi ń dáhùn; bí a bá sì fún un lóbì níbi ìsọmọlórúkọ, inú àpò agbádá ló ń jù ú sí, bí ẹni pé obì àwọn yòókù kò tó ohun tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gbọ́ wáàsí rẹ̀ nínú ààwẹ̀, wọn yóò ní kò sí onírẹ̀lẹ̀ bí tirẹ̀ láti Ìwó dé Ilé-Ogbó: ọkùnrin tó ní ìmọ̀ tó báyìí, tó sì ń fọwọ́ bo ẹnu bí ìyàwó ọ̀ṣìngín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìhà kìíní ṣe tán láti búra, ìhà kejì náà ṣe tán. Ohun kan náà ni ìhà méjèèjì sì rí: ọkùnrin tí kò ní eyín ẹ̀yìn kankan lókè mọ́, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Eyín mẹ́fà ni, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín lẹ́yìn gáréèjì ló bá a yọ wọ́n ní ọdún 1986, nígbà tí kòkòrò ti jẹ wọ́n tán. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un nígbà náà pé kí ó tètè lọ bá dókítà eyín, kí wọ́n wá nǹkan fi dípò wọn. Àfáà dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ni ní kéú, àgbẹ̀ ni; ó ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́nà Olúpọ̀nnà, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá ti ṣá, a kì í tún nǹkan gbìn sí i lójú ẹsẹ̀. A ó fi í sílẹ̀. Igbó yóò bò ó, ewé yóò jẹrà lé e lórí, ọ̀rá rẹ̀ yóò padà.

"Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ná," ni ó wí fún nọ́ọ̀sì. Ó sì jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè rẹ̀ sinmi fún ọdún mọ́kànlá gbáko.

Bí ó bá jẹ́ ẹran jíjẹ nìkan ni eyín ẹ̀yìn wà fún, ìtàn yìí ìbá ti parí sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn lẹ́tà Lárúbáwá, ọ̀kan wà tí kì í jáde bó ṣe yẹ àfi bí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n bá fara ti eyín ẹ̀yìn òkè. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tó parí Fátíhà, èyí tí Mùsùlùmí ń kà, ó kéré tán, nígbà mẹ́tàdínlógún lójúmọ́. Lẹ́tà yìí ló sọ Àfáà di ẹni àmúsọ. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa fò ó bí ẹni fo kòtò. Òun a máa mú ọmọ kéú jókòó tì í títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú ọmọ wá bá a láti Ilé-Ogbó. Nítorí rẹ̀ náà ni ó ṣe ń ṣíwájú ìrun àṣàmù, tí a ń kí lẹ́yìn ìṣínu nínú Ràmàdáánì, ní mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún.

Ó ra eyín àtọwọ́dá nígbẹ̀yìn. Nínú ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, eyín náà já bọ́ sórí ahọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe wáàsí. Ó fọwọ́ gbá a mú, ó húkọ́, ó sì ṣe àdúrà ìparí. Àwọn obìnrin ṣe àmín. Wọ́n rò pé ẹkún ló gbé e lọ́fun. Nimotallahi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Òṣogbo, nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Àfáà ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ̀ pé bí eyín náà bá tú àṣírí òun láàárín ìrun, ipò iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Bí a bá sì yọ ipò iwájú kúrò, kò mọ ohun tí òun tún jẹ́.

Nimotallahi ló mú ìròyìn wá nígbà tó kù bí oṣù mẹ́ta kí ààwẹ̀ mìíràn dé.

"Bàbá, mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ti ń gbin eyín báyìí."

"Wọ́n ń gbin kí ni?"

"Eyín. Wọ́n á gbin irin kékeré sínú egungun, egungun á dì í mú, eyín á wá jókòó lé e lórí. Kì í já bọ́."

Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó rẹ̀, rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. "Ẹ kúkú máa lọ sóko. Ẹ mú ọkọ́ dání."

Ṣùgbọ́n Àfáà kò rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí àsìkò gbíngbìn wá bá a lójijì. Ọdún mọ́kànlá! Ta ni ilẹ̀ rẹ̀ tún lè sinmi tó bẹ́ẹ̀?

Òun àti Nimotallahi wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà Ẹ̀rínọlá ló gbà wọ́n, obìnrin tó ti kọ́ṣẹ́ lókè òkun, tó sì ní sùúrù púpọ̀. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àfáà. Dókítà gbé e sójú fèrèsé.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ibi tó dúdú yìí, yàrá ni. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la ní i, ọ̀kan lábẹ́ ojú ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ ojú òsì. Egungun funfun tó wà nísàlẹ̀ yàrá yẹn ni gbòǹgbò eyín ń dúró sí. Tiyín ò nípọn ju èékánná lọ mọ́. Bí mo bá gbin irin síbẹ̀, inú yàrá ló máa já sí."

"Kí ló jẹ ẹ́?"

"Kò sóhun tó jẹ ẹ́. Àìríṣẹ́ṣe ni. Egungun tí kò bá ní eyín tó ń gbé, díẹ̀díẹ̀ ni ara máa ń kó o lọ, yàrá òkè á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlá. Mo fi í sílẹ̀ kó sinmi ni."

Dókítà wo Nimotallahi, Nimotallahi wo ilẹ̀.

"Bàbá, egungun ò rí bí ilẹ̀. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ ló ń tán."

Àfáà tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Àgbẹ̀ kì í ti orí ebè kan ṣoṣo padà sílé. "Kò wá sí ọ̀nà àtiṣe?"

"Ọ̀nà wà. Wọ́n á la fèrèsé kékeré sára egungun láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á rọra gbé awọ tó tẹ́ ilẹ̀ yàrá náà sókè. Ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Bó bá ya, iṣẹ́ lè bà jẹ́. Wọ́n á fi egungun lílọ̀ kún abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó dúró bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kó tó gan, kí wọ́n tó gbin irin. Ẹ ó tún dúró."

"Egungun ta ni wọ́n máa lọ̀?"

"Wọ́n lè bù ú lára egungun ìbàdí yín. Àwọn mìíràn ń lo ti màlúù tí wọ́n ti fi iná pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀."

"Ẹni tó dú màlúù náà, ṣé ó ṣe bísímílà?"

"Bàbá!" ni Nimotallahi wí, ó fi ìborùn bojú.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Mi ò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa, ẹ bù ú níbàdí mi. Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu obìnrin náà. Ó sọ fọ́tò kalẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí i tí wọ́n ṣe é, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Èmi fúnra mi ò ṣe é rí. A ò ní irinṣẹ́ rẹ̀ níbí, mi ò sì mọ ẹni tó ní i nítòsí tí mo lè rán yín sí. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ máa retí, mo tàn yín jẹ. Mo lè tún eyín àtọwọ́dá yín ṣe, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó dì mú ti tẹ́jú. Á ṣì máa yẹ̀."

Ó ti ṣe àlàyé tán, ó sì ti yé Àfáà. Ìyẹn ni ó burú níbẹ̀. Ká ní kò yé e ni, ìbá tilẹ̀ rí ìrètí díẹ̀ di mú.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sóko. Apá ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan ti kún fún ewé akíntọ́lá dé àyà. Ó fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀, ó dúdú, ó rọ̀, ó kún fún ekòló. Ní ti ilẹ̀, ohun tó gbàgbọ́ kì í ṣe irọ́. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi ahọ́n wá ibi tí eyín wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ méjì, Fàtáì yà kí i lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ọmọ kéú rẹ̀ àtijọ́ ni, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló sì ń dúró sí nínú ìrun láti ọdún púpọ̀. Fàtáì lóṣòó, ó béèrè bóyá Àfáà ti múra sílẹ̀ fún àṣàmù.

"Fàtáì, ṣé o máa ń gbọ́ ìparí Fátíhà lẹ́nu mi?"

Fàtáì tẹjú mọ́ ẹní. "Mo ń gbọ́ ọ, Àfáà."

"Ó ti tó ìgbà wo tí kò ti pé mọ́?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún mọ́kànlá."

"Ọdún mọ́kànlá! O sì dákẹ́?"

"Ta ló máa sọ ọ́, Àfáà? Ẹ̀yin lẹ fi í sí mi lẹ́nu."

Nínú ilé, Ṣẹ̀fíátù ń gún nǹkan lódó. Àfáà mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú àlejò láti ìgbà tí eyín náà ti já bọ́.

"Ìwọ ni kí o ṣíwájú lọ́dún yìí," ni ó wí. "Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dé ìparí Fátíhà, jọ̀ọ́, má yára kọjá ibẹ̀. Rọra kà á, kí n lè gbọ́ ọ."