Bàbá Maṣíìnì àti Ojú Ọ̀tún Rẹ̀

Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó wọ ìsọ̀ Bàbá Maṣíìnì tí olówó rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Bí aránṣọ bá ti gbé ẹ̀rọ lé orí tábìlì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe ń já òwú, bàbá yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò dá a lẹ́nu dúró, yóò sì béèrè ìbéèrè tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ lórí: "Ta ló ti tú u kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?"

Bí onítọ̀hún bá purọ́, bàbá kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Orí nọ́ọ̀tì ni yóò ti rí àpá ẹni tó kánjú tú u. Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sì tún ṣe, a máa fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná sàmì sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ lọ́jọ́ iwájú bí ẹlòmíràn bá ti yọ́ dé ibẹ̀. Ìfura ni ó fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni ó fi tọ́ ọmọ. Kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ìfura náà kúrò lára ẹ̀rọ, ó bọ́ sára ènìyàn. Sukudíráfà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Yóò gbé e sílẹ̀ lápá òsì, yóò yẹ bọ́bìnì kan wò, yóò nawọ́ padà, kò ní bá a mọ́. Àwọn oníbàárà ń yọ sí i lójijì láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ògiri ń gbá a lórí. Ó pinnu pé ẹnìkan ń dọ́gbọ́n sí òun. Ó fura sí aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe. Ó fura sí ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ìsọ̀ láràárọ̀.

"Ìwọ lo kó irinṣẹ́ mi."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi sukudíráfà ṣe? Ṣé mo fẹ́ fi tú orí yín ni?" Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí tábìlì. "Kí wá ni eléyìí tó sùn gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì yín?"

Bàbá ní láti yí orí pátápátá kó tó rí i. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó gbé ọwọ́ sókè lápá òsì ọkọ rẹ̀, ó ń ju ìka. Bàbá kò mira. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ni dókítà tó yẹ ojú náà wò. Nígbà tó parí, ó mú ojú ńlá kan tí wọ́n fi ike ṣe lórí tábìlì rẹ̀, ó là á sí méjì, ó ń fi ìka tọ́ka. Omi kan wà nínú ojú tó yẹ kó máa rí ọ̀nà jáde. Tí ọ̀nà náà bá dí, omi a máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, títí iṣan náà yóò fi kú díẹ̀díẹ̀. Gulokóómà ni wọ́n ń pè é. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ojú ọ̀tún ṣì ríran, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Ó fún un ní oògùn kíkán sójú, ó sì ní òun kò rò pé oògùn nìkan yóò tó.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, Bàbá. A lè fi iná lésà ṣí ojú asẹ́ tí omi ń gbà jáde tó ti dí. Kò sí abẹ níbẹ̀, ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà, àmọ́ agbára rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń tán bó bá yá. A lè fi abẹ ṣí fèrèsé kékeré kan sábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi máa gba ibẹ̀ jáde. Ìyẹn lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ lè jinná kó dí fèrèsé náà, kòkòrò sì lè gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹ ó máa wá rí mi lemọ́lemọ́. Ẹ̀kẹta ni kí a fi rọ́bà tín-ín-rín kan sínú ojú kí omi máa gbà á kọjá. Ní tèmi, mo máa ń fi ìyẹn pamọ́ fún ẹni tí fèrèsé rẹ̀ bá dí."

"Èwo lẹ máa ṣe fún ìyá tó bí yín?"

"Fèrèsé. Ojú ọ̀tún ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ ṣe."

Bàbá Maṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. "Ojú tó ń ríran lẹ fẹ́ là?"

"Òun ló kù tí a lè gbà sílẹ̀."

"Tí ẹ bá là á tán, màá wá máa ríran bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Èyí tó ṣẹ́ kù la fẹ́ dì mú."

Wọ́n padà sílé. Bàbá kò tíì jókòó tán tó fi bú jáde. "Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé màá tú maṣíìnì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, pé tí mo bá tú u tán kò ní sàn ju bó ṣe wà lọ, kí ló máa pè mí?"

"Olè," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọn kì í ta ojú nísọ̀. Ẹ gbé orí sókè kí n kán oògùn yín."

Àárọ̀ àti alẹ́ ni ìyàwó náà ń kán an. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ti kán an tán, bàbá wọ bàtà, ó ní òun ń lọ ra òwú, ó sì dá lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ó ti dá a lójú pé àwọn dókítà ní àdéhùn láàrin ara wọn. Bí òun bá sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí, ẹni kejì yóò kàn gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló bá níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn ojú kankan, Bàbá?"

"Rárá o."

"Dókítà mìíràn kò tíì yẹ̀ yín wò?"

"Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọn agbára omi inú ojú, ó sì kọ háà. "Ó yà mí lẹ́nu. Iṣan ojú òsì ti bàjẹ́ gan-an, síbẹ̀ agbára omi náà kò pọ̀. Bó bá jẹ́ báyìí ló rí, lésà yóò tó fún ojú ọ̀tún. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí a ṣe é."

Bí aṣẹ́gun ni bàbá ṣe wọlé. "Kò sọ̀rọ̀ abẹ! Mo ti mọ̀ pé ìyá yẹn ń wá ojú tí yóò fi dánra wò." Ó ju ìgò oògùn náà sínú dírọ́ọ̀, sáàárín àwọn bọ́bìnì tó ti dógùn-ún, kò sì jẹ́ kí wọ́n kán an mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ lésà, ìyàwó náà tẹ̀ lé e, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Dókítà ọ̀dọ́ náà fi ẹ̀rọ ìwọnjú kan ojú bàbá, ó wò ó, ó nu ẹ̀rọ náà, ó tún un wọ̀n.

"Bàbá, agbára omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì."

"Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́," ni bàbá wí kíá.

"Ẹ̀rọ mi kò bàjẹ́. Ojú kan kì í ṣàdédé yí padà báyìí." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Bàbá, ta ló ti tọ́jú ojú yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?"

Bàbá Maṣíìnì yíjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ṣí báàgì, ó gbé ìgò oògùn náà kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ dá a lóhùn," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìbéèrè yẹn jù."

Bàbá wá sọ gbogbo rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó nawọ́ sí fìlà rẹ̀. "Ẹni tó bá purọ́ fún mi, mi ò kì í tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Tí mo bá lé yín, ojú ọ̀tún yìí ló máa jìyà. Oògùn ló dì í mú lọ́jọ́ yẹn, èmi sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Lésà kò lè ká èyí. Fèrèsé ni èmi náà yóò yàn. Ẹ tètè padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn. Ọwọ́ wọn já fáfá níbi iṣẹ́ yẹn ju tèmi lọ."

Dókítà àgbà kò tíì fìdí kalẹ̀ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ẹni tó fọwọ́ kan ojú náà, ohun tó wí, ìgbà tí òun dáwọ́ oògùn dúró. Dókítà gbọ́ ọ títí dópin, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ òótọ́ fún un. Ojú ọ̀tún ti pàdánù díẹ̀ sí i.

Bàbá gbé e mì. Síbẹ̀ ó tún ní ìbéèrè kan. "Rọ́bà tí ẹ ní ẹ ń fi pamọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ rí mi là lẹ́ẹ̀kejì?"

"Bí fèrèsé bá dí, màá tún yín là. Màá sì sọ fún yín kí n tó ṣe é, bí mo ṣe ń sọ èyí tó burú fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Bàbá rò ó. Lóòótọ́, obìnrin yìí kò tíì sọ ohun dídùn kan fún un rí. Ó bọ́ fìlà, ó sì ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n ti ṣí fèrèsé náà sójú ọ̀tún, pípọ́n tí abẹ mú wá ti lọ báyìí, agbára omi inú rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Kò ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò dín kù mọ́. Nígbàkígbà tó bá lọ rí dókítà, ohun tó ń béèrè kó tó kí i ni pé, "Ó ti dí àbí kò tíì dí?" Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló ti kó sí ọwọ́ ọ̀tún. Láìpẹ́ yìí, ó wá sukudíráfà tì. Ó ti la ẹnu tán láti pe ẹnìkan ní olè kó tó rántí. Ó rọra yí orí sí òsì, ó yí i débi tó lè yí i dé.

"Olè ti dá a padà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í láti ibi tó ti ń gbálẹ̀.

"Ó ti dá a padà."

Ó ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì, ó fi kun ọwọ́ sukudíráfà náà yípo, ó sì gbé e jìnnà sójú wò. Pupa náà hàn kedere sí ojú ọ̀tún.