Ìgbà Tó Bá Dọ̀tí Ni Ó Ń Jẹ́ Tèmi

Mo rántí òórùn ẹrẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní abúlé tó wà lọ́nà Lálúpọn, níbi tí mo ti lo ìgbà èwe mi láàárín àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ènìyàn mi. Àwọn mìíràn a máa rántí ìyá wọn bí òórùn bẹ́ẹ̀ bá kàn wọ́n nímú. Èmi, ọmọ ni mo máa ń rántí, ọmọ tí mo fi inú mi bí, tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀, tí kò sì pè mí ní ìyá rẹ̀ rí àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti darúgbó báyìí, inú sì ṣì ń bí mi.

Ogun ló gbé mi débẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ló kó ìlú wa ní ìhà Èkìtì, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọmú. Ológun tó mú mi ní oko ńlá ní abúlé náà, ó sì fà mí lé ìyáálé rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni mú ewúrẹ́ ti ọjà bọ̀. Aláró ni ìyáálé yìí. Ìkòkò aró rẹ̀ tò sábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú dé ìgúnpá, tọ̀sán tòru, bí ẹni wọ aṣọ tí kì í bọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gún ewé ẹ̀lú, kí n máa ṣù ú sóòrùn, kí n sì máa jó igi tí a ó fi eérú rẹ̀ ṣe omi aró. Wọ́n ní orúkọ mi le lẹ́nu, wọn kò sì fún mi ní òmíràn. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Àwọn tó máa ń pa òwe yìí nínú ilé wa, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí.

Nígbà tí ó ṣe, baálé, ológun tó mú mi, bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo fẹ́. Mo lóyún, mo sì bí ọmọbìnrin kan ní ọdún tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, tí baálé ti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyáálé ti bí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó sì ti sin mẹ́ta. Ó jẹ́ kí n fún ọmọ lọ́mú títí ó fi tẹsẹ̀ rìn, lẹ́yìn náà ó ní kí n fi omi ewúro pa orí ọmú mi kí ọmọ lè kọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀.

Ó pè mí, ó ní, “Bí ọmọ yìí bá mọ̀ pé ìwọ lo bí òun, ọmọ ẹrú ni wọn yóò máa pè é títí ayé. Ṣé ohun tí o fẹ́ fún un nìyẹn?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Rárá o, ìyá mi.” Òmùgọ̀ tí mo jẹ́, mo tún dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìyáálé ni ọmọ mi ń pè ní ìyá. Èmi, “ìwọ yìí” ni ó gbọ́ pé gbogbo ilé ń pè mí, “ìwọ yìí” náà ni ó sì ń pè mí. N kò ní purọ́ mọ́ òkú: obìnrin náà fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ó ń lé tìróò fún un, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gé ẹja sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí àyè kankan ṣẹ́kù fún mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù fún mi, ìdọ̀tí ni. Aṣọ funfun àwọn oníbàárà kì í kúrò lọ́wọ́ aláró, bí ọmọ bá sì fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kan aṣọ tí wọn kò tíì pa láró, àbààwọ́n ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí aró mú un dọ́gba. Nítorí náà, bí ìyáálé bá ti rí ẹrẹ̀ lára ọmọ, ariwo ni. “Ìwọ yìí! Gbé e kúrò níwájú mi, lọ wẹ̀ ẹ́!” Èmi a gbé e lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ìkòkò omi wà, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Níbẹ̀ ni mo ti ń di ọmọ mi mú. Mo ń fọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, mo sì máa ń sọ pé ẹ̀yìn etí rẹ̀ kò tíì mọ́, nígbà tó ti mọ́ tipẹ́.

Ní àkọ́kọ́, òjò ló ń bá mi ṣe é. Ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin po amọ̀ láti fi mọ ògiri, ọmọ bọ́ sínú rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri bí ẹlẹ́dẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Bí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé igbá eérú sí ọ̀nà tí ó máa ń gbà. Ó da omi sí i, ó pò ó, ó sì fi pa ikùn. Lẹ́yìn náà mo fún un ní eèrí ògì kó máa fún un láàárín ìka. Mo fún un ní ìdọ̀tí ẹ̀lú tó kù nínú odó, tó sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di aláwọ̀ ewé, kó tó di dúdú. Mo fún un ní ìhá ẹyìn tí òróró ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi èédú hàn án, ó fi ya adìẹ sí ara ògiri ilé ewúrẹ́, adìẹ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwọn àgbà ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ó da á, ó tọ̀ ọ́, ó sì tọ èmi náà, a jọ ń sín, a jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyáálé a máa mi orí, a ní, “Ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìdọ̀tí o! Ta ló jọ?” Èmi a tẹ orí ba, èmi a ní n kò mọ̀. Mo ń gbéra ga nínú ara mi nígbà náà. Èmi tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn wọ Ìbàdàn, mo rò pé mo ti ṣẹ́gun ohun tí gbogbo akọni ìlú wa kò lè ṣẹ́gun, eérú àti eèrí ni mo sì fi ṣe é.

Nígbà tí ọmọ dàgbà díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là, eré rẹ̀ yí padà. Ó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kéékèèké, ó ń fi amọ̀ ṣe àdògán mẹ́ta, a sì ń se ọbẹ̀ ewé lórí rẹ̀. Ó wá ní ká máa ṣe eré ilé. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ẹrẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó sì gbé wọn sókè kí n rí i.

“Èmi ni ìyáálé,” ó ní. “Ìwọ yìí, ìwọ ni ẹrú. Gún ẹ̀lú! Kí ló dé tí o kì í yára?”

Ohùn obìnrin náà gan-an ni, kò kù síbì kan. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń fi igi gún ẹ̀lú tí kò sí, níwájú ọmọ tí mo bí. Bí n kò bá yára, ó máa ń fi pàṣán koríko nà mí léjìká. Koríko náà kò dùn mí. Ó pẹ́ kí n tó sọ ohun tó dùn mí fún ara mi, nítorí mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, n kò ní lè padà sí ìdí eré náà ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kan ni n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Jẹ́ kí èmi náà ṣe ìyá lónìí.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. “Ẹrú kì í ṣe ìyá. Ṣé o ní ọmọ ni?”

“Eré kúkú ni.”

Ó rò ó. Mo rò pé ó wù ú kí ẹnì kan pọ̀n ọ́, torí ìyáálé kì í pọ̀n ọ́ mọ́. Ó ní, “Ó dáa. Èmi ni ọmọ. Ó yá, kun ọwọ́ rẹ.” Mo ti ọwọ́ mi bọ ẹrẹ̀ dé ìgúnpá, torí bí ìyá ti ń rí nìyẹn nínú eré wa. Mo fi aṣọ mi pọ̀n ọ́, èmi pẹ̀lú òun, ẹrẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó wá ké tòò pé, “Ìyá mi! Ìyá mi, ebi ń pa mí o!” Mo dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ọmọ mi, mò ń gbé e bọ̀.” Ó tún pè mí, mo tún dáhùn. Mo ti gbàgbé pé eré ni. Nígbà tí mo yíjú padà, ìyáálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, aró ń kán tótó láti ọwọ́ rẹ̀.

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Ọmọ ní, “Ìyá, eré la ń ṣe.”

“Mo rí i.”

Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọwọ́ aláró rẹ̀, ó sì fa ilà dúdú sí ọmọ lára gbogbo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n di ẹrù mi. Baálé ní oko mìíràn ní ìhà Akínyẹlé, ibẹ̀ ni kí n lọ máa gbin ẹ̀lú. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà lẹ́yìn mi títí mo fi sọdá odò. Mo fẹ́ gbà pé èmi ló ń sunkún fún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló ń sunkún fún, torí kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tí kò kú, tí kò nù, tí a mọ ilé tó wà, tí a sì mọ̀ pé ó ti jẹun kó tó sùn.

Nígbà tí ọmọ mi tó ilé ọkọ lọ ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ojú ìyáálé ti ń ṣú. Kò bẹ̀ mí, kò sì wò mí, ohun tó sọ kò ju pé, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n wẹ̀.” Mo lọ osùn lórí ọlọ, mo fi òróró pò ó, ìyàwó tuntun sì jókòó síwájú mi lórí àpótí. Ó ti ga. Ọrùn ìyá mi, tí n kò rí mọ́ láti ọjọ́ tí ìlú wa fọ́, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fi osùn pa á léjìká, mo fi pa á lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, mo fi pa ọwọ́ ara mi méjèèjì dé ìgúnpá, mo sì nà wọ́n síwájú rẹ̀.

Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, “O ń fi osùn ṣòfò. Rọra máa ṣe é, ọwọ́ rẹ le.”

Òótọ́ ni. Omi eérú a máa sọ ọwọ́ ènìyàn di èèpo igi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ sun ẹkún ìyàwó lẹ́sẹ̀ ìyáálé, ó ń kì í ní ìyá tó bí òun, gbogbo abúlé sì ń nu ojú. Èmi ni mo gbé igbá omi dání. Ó sun ún dáadáa, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní sunkún.

Láti ìgbà náà, wọn kò dá mi padà sí oko Akínyẹlé mọ́. Ìyáálé ti kú báyìí, baálé ti kú, wọ́n sì ní òyìnbó ti sọ pé kò sí ẹrú mọ́. Kò sí ẹni tí yóò lé mi bí mo bá la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyáálé sọ fún mi lọ́jọ́ tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi kò bá a kú. Lọ́jọ́ tí orogún bá bá ọmọ mi jà nílé ọkọ, pé ọmọ ẹrú ni ni wọn yóò kọ́kọ́ jù lù ú. Nítorí náà mo pa ẹnu mi mọ́. Bí ó bá wá kí àwọn ará ilé wa, a máa kúnlẹ̀ fún mi, a máa pè mí ní “Ìyá,” bí gbogbo ènìyàn ti ń pe arúgbó. Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi dúró dè, nígbà tó dé, ó dé bí ẹ̀kọ tí wọ́n ń pín kárí.

Ní òjò tó kọjá, ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ wá, ọmọbìnrin. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi wọ inú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ figbe ta, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá mi gbé e kúrò níwájú mi, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́!” Mo gbé e lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí n wẹ òun. Ó jókòó, ó bu amọ̀, ó sì mọ àdògán mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe eré ilé,” ó ní. “Ẹ̀yin ni ìyá, èmi ni ọmọ.”

Mo bojú wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní rárá, kó jẹ́ kí n ṣe ẹrú. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ẹrú ni wọ́n máa ń gbé ọmọ fún pé kó wẹ̀.

Ó gbà. Mo bu ẹrẹ̀ sí i lọ́wọ́.