Èmi Ni Mo Gbé Ìwé Èsì Náà

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá ni mò ń wò. Àwa ọmọ ìlú wa tó ń gbé Karu àti Orozo lẹ́bàá Àbújá háyà bọ́ọ̀sì lọ sílé láti dìbò gómìnà. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní ibùdó ìdìbò wa. Màmá Títí, aránṣọ ní Orozo, jókòó tì mí. Orúnkún ń dùn ún, kò sì ráhùn títí a fi délé.

A dìbò wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n kà á ní gbangba, gbogbo aṣojú fọwọ́ sí ìwé èsì, a sì fi ẹ̀yìn àwọn yòókù janlẹ̀. Àfi bí òòyì ṣe kọ́ àgùnbánirọ̀ tó ń darí ìdìbò, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọ́fíìsì wa, bí fáìlì bá há, èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ìwé èsì, mo gun ọ̀kadà, ó di ibùdó àkójọ èsì.

"Bàbá, ta ni yín?" Òṣìṣẹ́ tó ń gba èsì níbẹ̀ ló bi mí.

"Aṣojú ẹgbẹ́ ni mí. Ara ẹni tó yẹ kó gbé e wá ni kò yá."

"Ará ẹgbẹ́, ẹ wá ń gbé èsì kiri? A ò gbà á."

Mo bẹ̀, mo bínú. Wọ́n fagi lé ìbò wa. Díẹ̀ ni wọ́n fi borí olùdíje wa. Ìbò tí wọ́n fagi lé pọ̀ ju iye yẹn lọ. A gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní òfin ni òfin.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sí Àbújá lẹ́yìn ìdìbò náà, Màmá Títí bi mí pé, "Bàbá Wálé, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ìbò mi dà?"

Ojú tì mí. Mo yíjú sí fèrèsé.

Láìpẹ́ yìí, lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ tù mí nínú. "Dádì, ó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn ṣì kéré. Wọ́n ní sáà iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó fi ìbò gómìnà ránṣẹ́ ti parí, wọn ò sì ka ìbò ọ̀hún. Wọ́n sun ìbò náà níná."

"Ṣé wọ́n rí i gbà padà?"

"Rárá, sà."

Ó rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rin ti lọ báyìí. Èrè tí mo rí kò ju pé mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ: ẹ fọwọ́ sí ìwé èsì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ tó gbé e, ẹ má fọwọ́ ara yín gbé e. Gbèsè ìdáhùn tí mo jẹ Màmá Títí ṣì wà lọ́rùn mi.

Ìdìbò mìíràn ti dé. Màmá Títí ló kọ́kọ́ dé ìdí bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó na báàgì rẹ̀ sí mi.

"Bàbá Wálé, èyí nìkan ni kí ẹ bá mi gbé lọ́tẹ̀ yìí."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì.